Fọ́ọ̀mù Tí Ìyá Olómi Fọwọ́ Sí

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìwé ìkéde mọ́ pátákó káńsù kò tíì gbẹ tán tí ọ̀rọ̀ fi dé etí onílé. Nígbà tí Ìyá Olómi máa fi ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bàbá onílé ti gbé àga síta, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ fún.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Olómi. Ẹ sì kú oríire."

"Oríire kí ni, bàbá?"

"Ẹ má fi pamọ́ fún mi. Wọ́n ní káńsù ti fi owó kún owó oṣù yín, wọ́n ní ìlọ́po méjì ni. Ẹ ṣáà mọ̀ pé òrùlé ilé yìí náà ti ń dàgbà."

Ìyá Olómi rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé bí onílé bá ti ń dárúkọ òrùlé, owó ilé ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ilé ni ìsọ̀ rẹ̀ wà, òun náà sì ti gbọ́. Ó gbé ìfági sílẹ̀, ó nu òógùn ojú.

"Ṣé lóòótọ́ ni?"

"Wọ́n ṣáà lẹ ìwé kan. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ṣàtúnṣe ààlà owó oṣù àwa òṣìṣẹ́ káńsù."

"Ààlà owó oṣù. Ìyẹn ni pé wọ́n fi kún un."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀."

Kò sí èyí tó mọ ohun tí ààlà owó oṣù jẹ́ nínú àwọn méjèèjì, àmọ́ ayọ̀ kì í dúró béèrè ìtumọ̀. Ọkọ rẹ̀ ń súfèé títí ó fi fá pákó náà tán.

Ó yẹ ká sọ irú ẹni tí Ìyá Olómi jẹ́. Ọdún kẹtàdínlógún nìyí tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ẹ̀rọ omi tí káńsù kọ́ sẹ́bàá odò. Agbálẹ̀ ni wọ́n gbà á fún, iṣẹ́ agbálẹ̀ ló sì ṣe fún ọdún mẹ́jọ. Nígbà tó di ọdún kẹsàn-án, ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ fẹ̀yìn tì, káńsù ò sì rán ẹlòmíì wá rọ́pò rẹ̀. Ìyá Olómi ti máa ń dúró ti ọkùnrin náà tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ti fi ojú kọ́ ọ. Ni ọ̀gá ilé ẹ̀rọ náà, ẹni tí gbogbo wọn ń pè ní Alábòójútó, bá sọ fún un pé, "Màmá, ẹ bá mi máa tan ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n tó rán èèyàn wá."

Ọ̀sẹ̀ méjì náà di ọdún mẹ́sàn-án.

Láàárọ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì fọnu, Ìyá Olómi á ti ṣílẹ̀kùn ilé ẹ̀rọ. Á wo aago mẹ́ta tó wà lára páìpù, èyí tó ń fi agbára omi hàn, á kọ ohun tó bá rí sínú ìwé. Á fi ife wọn oògùn tó ń pa kòkòrò inú omi, á dà á sínú táǹkì, á dúró kó pò dáadáa. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tan ẹ̀rọ àkọ́kọ́, á dẹtí sí ìró rẹ̀ kó tó tan ìkejì, torí pé ìkejì máa ń húkọ́ bí arúgbó tí òtútù mú. Ìgbà tó bá ṣe gbogbo èyí tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ìgbálẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ló sọ ọ́ ní Ìyá Olómi. Bí wọ́n bá ti rí i tó ń kọjá lọ láàárọ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í to korobá sídìí ẹ̀rọ omi.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìkéde náà, fọ́ọ̀mù dé. Ojú ewé mẹ́rin ni. Káńsù ní kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó ń ṣe lójúmọ́, bí àkókò tó ń gbà á ṣe pọ̀ tó, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá ṣe é. Nínú ohun tí kálukú bá kọ ni wọ́n ti máa mọ ipò tí wọ́n máa fi í sí.

Alábòójútó pe Ìyá Olómi wọ ọ́fíìsì kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀rọ. Ọkùnrin gígùn kan ni, bírò kì í kúrò létí rẹ̀.

"Màmá, ẹ má da ara yín láàmú. Mo ti bá yín kọ ọ́. Ẹ ṣáà fọwọ́ sí i níbí yìí."

Ìyá Olómi wò ó. Ìlà mẹ́ta péré ni Alábòójútó kọ: gbígbá ilẹ̀, nínu fèrèsé, ríro koríko àyíká.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ ńkọ́?"

Alábòójútó họ ọrùn. "Ẹ̀rọ ò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún. Tí ẹ bá kọ ọ́, wọ́n á bi yín pé ta ló fún yín láṣẹ láti fọwọ́ kàn án. Ìbéèrè yẹn á wá di wàhálà sí èmi àti ẹ̀yin lọ́rùn. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n lé yín níbi tí wọ́n ti ń múra àtifi owó kún owó yín ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dẹ́rù bà á. Nǹkan mìíràn sì tún wà níbẹ̀. Wọ́n tọ́ ọ dàgbà pé ẹlòmíì ló ń yin ni, èèyàn kì í fẹnu ara rẹ̀ ṣe "èmi ni mo ṣe èyí, èmi ni mo ṣe tọ̀hún." Lójú rẹ̀, kíkọ gbogbo iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ jọ ìgbéraga. Ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i. Kò ka ojú ewé mẹ́ta tó kù, kò sì gba ẹ̀dà rẹ̀.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, káńsù lẹ àbájáde mọ́ pátákó. Òṣìṣẹ́ kún iwájú rẹ̀ fọ́fọ́. Ẹlòmíì ń rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì ń kùn, ọkùnrin kan tó ń tún iná òpópónà ṣe kàn dúró gbagidi tó ń wo ìwé bí ẹni tí wọ́n fi èdè ará ọ̀run kọ ọ́ sí. Ìyá Olómi fi ìka tẹ̀lé orúkọ títí ó fi kan tirẹ̀.

Agbálẹ̀. Ìpele kìíní.

Akọ̀wé kan tí wọ́n fi ti pátákó náà ló ṣàlàyé fún un. "Màmá, ẹ ti dé òkè ààlà owó oṣù agbálẹ̀. Wọn ò ní yọ nínú owó yín o, àmọ́ àfikún ọdọọdún ti dúró nìyẹn."

"Ó dúró? Títí dìgbà wo?"

"Títí dìgbà tí wọ́n bá tún ṣàtúnṣe. Èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ti tó ọdún mẹ́wàá."

Ìyá Olómi padà sídìí ìwé náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà á látòkè, bóyá ó ṣì í kà ni. Ibẹ̀ ló ti rí ìlà kan tó jẹ́ kó gbàgbé owó oṣù ara rẹ̀: "Adarí ẹ̀rọ omi: kò sí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún mẹ́sàn-án, ilé ẹ̀rọ sì ń ṣiṣẹ́ láìsí i. A ó fagi lé ipò náà."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rántí ìgbà tó lọ sìnkú ìyá rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin péré ló lò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Alábòójútó fi ojú wọn oògùn dà sínú táǹkì, omi sì ń ta àwọn ọmọdé lójú. Ẹ̀rù wá bà á, kò da nǹkan kan sí i mọ́ lọ́jọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Inú rírun gba àdúgbò kan. Kò sẹ́ni tó kú, àmọ́ wọ́n gbé ọmọ márùn-ún lọ sílé ìwòsàn. Káńsù wá fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé báyìí pé ìlú lè máa mu omi láìsí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀.

Ó délé. Ọkọ rẹ̀ bi í, bi í, kí ó tó sọ. Wọ́n jọ gbé e lọ́kàn fún ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ọkọ rẹ̀ ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti ju agbára wa lọ. Jẹ́ ká pe ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin yìí ni gbogbo ìdílé ń pè ní Àǹtí Fáìlì. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tó ń rí sọ́rọ̀ òṣìṣẹ́ ní káńsù kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní ó lè gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bí i, àmọ́ kò ní gbàgbé nọ́ńbà fáìlì ẹnikẹ́ni. Ó dé, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ìsọ̀, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀ láìjá lu ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó, ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ ààlà owó oṣù?"

"Rárá, Ẹ̀gbọ́n. Mo rò pé owó ni wọ́n fẹ́ fi kún un fún gbogbo wa."

"Onílé ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wa," ni ọkọ rẹ̀ fi kún un.

"Onílé ló ń san owó oṣù ni?" Àǹtí Fáìlì nawọ́ sí àkàbà kan tí àbúrò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán. "Gbé ìyẹn wá síbí."

Ọkọ Ìyá Olómi gbé e ti ògiri.

"Iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní káńsù ní àkàbà tirẹ̀. Igi ìsàlẹ̀ pátápátá yìí ni owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Igi òkè yìí ni èyí tó pọ̀ jù. Àárín méjèèjì ni wọ́n ń pè ní ààlà owó oṣù. Tó o bá ń ṣiṣẹ́ rẹ dáadáa, o lè máa gun igi kan lọ́dọọdún. Ó yé ọ?"

"Ó yé mi."

"Ó dáa. Ọjà ń gbówó lórí, àwọn káńsù mìíràn ń san ju tiwọn lọ, òṣìṣẹ́ sì ń sá lọ síbòmíì. Kí ni káńsù máa ṣe? Wọ́n á gbé àkàbà sókè." Ó ṣẹ́jú sí àbúrò rẹ̀, ìyẹn sì gbé àkàbà lé orí pákó méjì. "Kí ni wọ́n gbé?"

"Àkàbà," ni Ìyá Olómi dáhùn.

"Àkàbà ni. Wọn ò gbé èèyàn. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá wá já sísàlẹ̀ igi àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fà gòkè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kàn án. Ẹni tó wà láàárín tẹ́lẹ̀ lè má rí nǹkan kan gbà lóṣù yẹn, àmọ́ ibi tó lè gùn dé ti ga sí i."

Ọkọ Ìyá Olómi mí kanlẹ̀. "Ìlọ́po méjì tí mo ti ń súfèé sí ńkọ́?"

"O fi èémí rẹ ṣòfò."

Ìyá Olómi ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, èmi ti dé igi tó kẹ́yìn, wọ́n ní kò síbi tí mo tún máa gbé ẹsẹ̀ sí."

"Lórí àkàbà agbálẹ̀ ni. Gbọ́, kì í ṣe bí àkàbà ṣe ga tó ló ń bá ọ jà. Wọ́n gbé ọ sórí àkàbà tí kì í ṣe tìrẹ ni, ìwọ náà sì fọwọ́ sí i pé tìrẹ ni."

Ọkọ Ìyá Olómi rọra bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa bá òun wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kò sí ẹnì kan tí a lè rí lábẹ́lẹ̀ ní ọ́fíìsì yín àtijọ́? Ká fún un ní nǹkan díẹ̀, kó bá wa yí i."

Ojú Àǹtí Fáìlì le. "Ẹni tó bá gbowó lọ́wọ́ rẹ lónìí kó tó yí ìwé padà, á gbowó lọ́wọ́ ẹlòmíì lọ́la láti tún un yí. Tí wọ́n bá sì mú un, orúkọ ìyàwó rẹ ló máa kọ́kọ́ dá. Ọ̀nà wà, ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún òṣìṣẹ́ láti kọ̀wé béèrè àtúnyẹ̀wò, láti ọjọ́ tí àbájáde ti jáde. Ọjọ́ mélòó ló ti lọ?"

"Mẹ́sàn-án," ni Ìyá Olómi sọ.

"Ó ku márùn-ún. Lọ sí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́, béèrè ẹ̀dà fọ́ọ̀mù tó o fọwọ́ sí, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Lẹ́yìn náà, a ó kọ ohun tó ò ń ṣe gan-an, láti ìgbà tó o bá ṣílẹ̀kùn títí dìgbà tó o bá tì í. A ò ní bù mọ́ ọn, a ò sì ní bù nínú rẹ̀. Àmọ́ wọ́n á béèrè ẹ̀rí. Ṣé o ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó fi hàn pé ìwọ lò ń darí ẹ̀rọ?"

"Mi ò ní nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Àfi ìwé aago nìkan."

"Ìwé aago wo?"

"Èyí tí mo máa ń kọ ohun tí aago bá sọ sí láàárọ̀, àti ìwọ̀n oògùn tí mo bá dà. Ọ̀gá wa máa ń fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì."

"Mélòó ni wọ́n?"

Ìyá Olómi ronú. "Mẹ́tàlélógún. Wọ́n wà nínú àpótí nílé ẹ̀rọ."

Àǹtí Fáìlì yọ awò ojú rẹ̀. "Ọdún mẹ́sàn-án, ìwé mẹ́tàlélógún, ọwọ́ ìwọ àti ti ọ̀gá rẹ lójú ewé kọ̀ọ̀kan, o wá ń pè é ní 'nìkan'?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́sàn-án, Ìyá Olómi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò pẹ́. "Ọ̀gá mi ńkọ́? Wọ́n lè tìtorí ọ̀rọ̀ yìí lé e. Kì í ṣe èèyàn burúkú."

"Má parọ́ mọ́ ọn, má sì parọ́ torí rẹ̀. Lọ bá a kó o tó kọ ọ́, kó má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀tọ̀ ni ti ìlú tó ń mu omi náà."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tó tan ẹ̀rọ, ó kanlẹ̀kùn Alábòójútó. Ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un láìyí i po. Ọkùnrin náà dìde fùú.

"Màmá, ọdún méjì ló kù kí n fẹ̀yìn tì. Ṣé ẹ fẹ́ ba tèmi jẹ́ ni?"

"Mi ò fẹ́ ba tiyín jẹ́, Ọ̀gá. Àmọ́ ẹ lọ ka pátákó. Wọ́n fẹ́ fagi lé ipò adarí ẹ̀rọ. Ọdún díẹ̀ sí i, èmi náà á lọ. Ta ló máa wọn oògùn? Ẹ̀yin náà rántí ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi lọ sìnkú ìyá mi."

Alábòójútó jókòó padà. Ó yọ bírò létí, ó ń yí i lọ́wọ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ariwo ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ohùn rẹ̀ mì.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n rán adarí ẹ̀rọ wá. Wọn ò dáhùn. Ó sú mi. Ni mo bá ń kọ ọ́ lóṣooṣù pé gbogbo nǹkan ń lọ déédéé. Irọ́ kọ́, torí ẹ̀yin ń ṣe é."

"Òótọ́ kọ́ náà ni, Ọ̀gá. Ẹ ò dárúkọ mi."

Alábòójútó dìde, ó gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀rọ lọ. Ìyá Olómi ò mọ ohun tí ọkùnrin náà máa ṣe, àmọ́ òun ti ṣe tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹtàlá ló kó ìwé àtúnyẹ̀wò rẹ̀ dé ọ́fíìsì òṣìṣẹ́. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ fẹ́ gbà á, kó jù ú sínú dúrọ́ọ̀, àmọ́ Àǹtí Fáìlì ti kọ́ ọ. Méjì ló mú wá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lu òǹtẹ̀ sórí èkejì yìí, kí ẹ sì kọ ọjọ́ òní sí i. Tèmi nìyẹn."

Akọ̀wé náà wò ó látòkè délẹ̀. Ó lu òǹtẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó pè é. Àwọn mẹ́ta ló jókòó nídìí tábìlì gígùn kan: obìnrin kúkurú kan tó jẹ́ alága, ẹnjiníà kan, àti ẹnì kan tó ń ṣojú fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọkọ rẹ̀ ti bá a fi ọmọlanke gbé ìwé mẹ́tàlélógún náà wá. Nígbà tó wọlé, ó bá Alábòójútó nínú yàrá. Ọkùnrin náà di báàgì ọ̀rá kan mú sáyà, kò sì wo ojú rẹ̀.

Alága ní kí Alábòójútó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dìde, ó tú báàgì náà, ó kó ìwé mẹ́ta tí etí wọn ti ká jáde.

"Ẹ̀dà àwọn lẹ́tà tí mo kọ sí káńsù rèé," ló sọ. "Ẹ ò dáhùn ìkankan. Mo fún Màmá yìí ní iṣẹ́ náà láìgba àṣẹ. Nígbà tí fọ́ọ̀mù dé, èmi ni mo bá wọn kọ ọ́, mo sì yọ iṣẹ́ ẹ̀rọ kúrò nínú rẹ̀ torí pé ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀bi mi ni. Iṣẹ́ náà, àwọn ló ń ṣe é. Láìsí wọn, omi ò ní ṣeé mu nílùú yìí."

Ó jókòó. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

Alága kọjú sí Ìyá Olómi. Ó rí i pé ó ti ń ṣí ìwé tó dì mú láti kà á. "Màmá, ẹ gbé ìwé yẹn sílẹ̀. Ẹ kàn sọ fún wa ohun tí ẹ ṣe láàárọ̀ òní."

Ìyá Olómi bẹ̀rẹ̀, ní kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ó ní omi odò dúdú díẹ̀ láàárọ̀ náà torí òjò àná, nítorí náà òun jẹ́ kó silẹ̀ fún wákàtí kan kóun tó da oògùn sí i. Ó ní aago kejì lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, òun sì tẹ̀lé páìpù títí òun fi rí ibi tó ń jò, òun fún un le. Ẹnjiníà bi í pé kí ló máa ń ṣe tí oògùn bá pọ̀ jù.

"Mi ò ní tan ẹ̀rọ, sà. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan jáde. Màá fi omi tí mi ò tíì da oògùn sí là á, màá dúró, màá tún un wọ̀n. Tí àwọn ará ìlú bá ń pariwo pé omi ò yọ, kí wọ́n máa pariwo. Ariwo sàn ju àìsàn lọ."

Ẹnjiníà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí lẹ wá ṣe lẹ́yìn gbogbo ìyẹn?" ni alága béèrè.

"Lẹ́yìn ìyẹn ni mo gbálẹ̀, mà."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín, Alábòójútó pẹ̀lú. Ìyá Olómi ò mọ ohun tó pa wọ́n lẹ́rìn-ín, àmọ́ òun náà bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́tà dé lóṣù tó tẹ̀lé e. Káńsù ò fagi lé ipò adarí ẹ̀rọ omi mọ́. Wọ́n fi Ìyá Olómi sí i, ní ìsàlẹ̀ ààlà owó oṣù ipò náà, pẹ̀lú àdéhùn pé ó gbọ́dọ̀ lọ kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, kó sì yege ìdánwò. Ìsàlẹ̀ tibẹ̀ ju òkè ti agbálẹ̀ lọ. Wọ́n máa gba agbálẹ̀ tuntun. Wọ́n kọ ìwé ìkìlọ̀ sí Alábòójútó, àmọ́ lẹ́tà mẹ́ta rẹ̀ ò jẹ́ kí wọ́n dá a dúró.

Ọdún mẹ́sàn-án tó ti kọjá ńkọ́? Wọn ò san nǹkan kan lé e. Ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá kọ̀wé ni ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í padà sẹ́yìn. Ìyá Olómi ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó wọ yàrá lọ, ó sunkún díẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti béèrè ní ọdún kejì tàbí ìkẹta, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Nígbà tó jáde, ó bọ́jú, ó sì bi ọkọ rẹ̀ pé níbo ni wọ́n ti ń ta ìwé àjákọ, torí ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Òun ló dàgbà jù ní kíláàsì náà. Ó yege.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ káńsù tó ń ka ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ yín là ń sọ. Tí wọ́n bá ní àwọn ń ṣàtúnṣe ààlà owó oṣù, ẹ má torí rẹ̀ jẹ gbèsè, ẹ má sì gba ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà gbọ́. Ẹ lọ béèrè ibi tí ìsàlẹ̀ àti òkè ààlà tiyín wà, àti ibi tí ẹ̀yin fúnra yín dúró sí láàárín rẹ̀. Tí wọ́n bá fún yín ní fọ́ọ̀mù, ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀wé kọ, kó wá ẹni tó fọkàn tán tó máa kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí wọ́n sì kà á sí i létí kó tó fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ni kí ẹ kọ, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ yín. Ìgbéraga kọ́ nìyẹn.

Ẹ gba ẹ̀dà gbogbo ìwé tí ẹ bá fọwọ́ sí, kí òǹtẹ̀ àti ọjọ́ wà lára rẹ̀. Ẹ ka iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín láti béèrè àtúnyẹ̀wò, ẹ má sì jẹ́ kó kọjá. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni lówó torí rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá náà, tí ẹ bá gbé iṣẹ́ kan lé ẹnì kan lọ́wọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni náà sílẹ̀ níbi tí káńsù á ti rí i.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan ni. Nígbà tí káńsù bá pe ìpàdé lórí owó oṣù, ẹ lọ jókòó níbẹ̀, ẹ béèrè ẹni tó ń tọ́jú omi yín, iná yín àti ojú ọ̀nà yín. Tí wọ́n bá sọ pé kò sí ẹnì kankan nínú ìwé, ẹ má tíì dìde.